Ìwé Orúkọ Ẹni Tí Kò Wá

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ènìyàn, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ibà a máa dá ènìyàn dùbúlẹ̀, egbò a máa ta ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 170 lórí 100 lè jí láàárọ̀, kó gun ọ̀kadà láti Ìjàgbó ní ìpínlẹ̀ Kwárà lọ sí ọjà Ọwọ́dé ní Ọ̀fà, kó nájà títí di ìrọ̀lẹ́, kó sì padà wálé láìmọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Ohun tí ojú iṣan, kíndìnrín àti ẹyinjú ń rí lọ́wọ́ agbára ẹ̀jẹ̀ yẹn kò ní ariwo. Nígbà tí wọ́n bá wá fún un ní oògùn, kò sí ìrora kankan tí oògùn náà yóò bá a lé lọ. Ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kó jẹ́ oògùn ni yóò kọ́kọ́ ni ín lára. Amlodipine a máa mú kí ọrùn ẹsẹ̀ àwọn kan wú. Lisinopril a máa fún àwọn mìíràn ní ikọ́ gbígbẹ. Hydrochlorothiazide a máa mú kí ènìyàn tọ̀ léraléra, èyí tí kò rọrùn fún obìnrin tó jókòó sí ìsọ̀ láti àárọ̀, tàbí fún ẹni tó wà nínú ọkọ̀ akérò tó ń lọ sí Ìlọrin. Nítorí náà, bí oògùn oṣù kìíní bá tán tí ara sì le koko, kò yani lẹ́nu pé ẹni náà kò padà lọ gba òmíràn. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sọ pé òun ò ṣe mọ́. Kò kàn wá mọ́ ni.

Iye àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kì í ṣe kékeré. Ní 2021, Davies Adeloye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbájáde ọ̀pọ̀ ìwádìí káàkiri Nàìjíríà pọ̀, wọ́n sì ṣírò pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà tó ti pé ogún ọdún, àwọn bí 32 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní 2020. Nínú ọgọ́rùn-ún tó ní i, 29 péré ló mọ̀. 12 ló ń gba ìtọ́jú. Àwọn tí ìfúnpá wọn sì ti wálẹ̀ dé ibi tó yẹ kò pé mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí òǹkà méjì tó kẹ́yìn yẹn. Àwọn 12 yìí ti ṣe èyí tó ṣòro jù: wọ́n ti lọ yẹ ara wọn wò, wọ́n ti gbà pé àìsàn wà, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn. Síbẹ̀, mẹ́sàn-án nínú wọn kò tíì gúnlẹ̀. Oògùn tí kò tó, oògùn tí kò bá ara mu àti owó tí kò sí wà lára ohun tó fà á, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni náà ti kúrò lójú ẹni tí ì bá bá a tún ọ̀rọ̀ ṣe. Bí àtọ̀gbẹ náà ṣe rí nìyẹn. Bíbọ̀ léraléra ni ìtọ́jú àìsàn bárakú, fún ogún ọdún, fún ọgbọ̀n ọdún.

Bí a bá wá dárúkọ ìmọ̀ ẹ̀rọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni ohun tí aláìsàn yóò so mọ́ra: aago ọwọ́ tó ń ka ìlù ọkàn, áàpù orí fóònù, ẹ̀rọ ìwọn-ìfúnpá tí ọmọ rà ní London tàbí Houston tó fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ nílé. Gbogbo rẹ̀ ló wúlò láyè tirẹ̀. Èrò tèmi ni pé nílùú bí Ìjàgbó, iṣẹ́ tí ẹ̀rọ lè bá wa ṣe jù lọ kò dán lójú tó bẹ́ẹ̀: kó máa sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera, láràárọ̀, orúkọ àwọn tó yẹ kó wá tí wọn kò wá. Ìwé rẹ́jísítà orí tábìlì kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń wọlé ni wọ́n ń kọ orúkọ wọn sí i, ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn; ẹni tó wá hàn níbẹ̀, ẹni tí kò wá kò sí níbẹ̀ rárá. Kí nọ́ọ̀sì tó lè mọ̀ pé ìyá kan kò yọjú láti oṣù méjì, àfi kó máa ṣí ìwé sẹ́yìn, kó máa fi orúkọ wé orúkọ, iṣẹ́ tí kò sí ẹni tó ráyè rẹ̀ láàárín abẹ́rẹ́ àjẹsára, aboyún àti ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Alájọ ti mọ ọgbọ́n mímọ ẹni tí kò wá kí kọ̀ǹpútà tó dé: àyè tó ṣófo lórí káàdì ló ń sọ ìsọ̀ ẹni tí yóò yà sí lọ́la.

Ẹ̀rọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ti wà. Ọ̀kan nínú wọn ni Simple, tí àjọ Resolve to Save Lives ṣe, tí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Íńdíà àti Bangladesh ń lò. Orí fóònù òṣìṣẹ́ ìlera ló wà. Aláìsàn á mú káàdì kékeré kan wá, nọ́ọ̀sì á fi kámẹ́rà fóònù ka àmì tó wà lára rẹ̀, àkọsílẹ̀ ẹni náà á sì ṣí. Á tẹ ìfúnpá ọjọ́ náà sí i, oògùn tó fún un, àti ọjọ́ tí yóò padà wá. Ó tán. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó kéré ni, nítorí ẹ̀rọ tó bá ń béèrè ogún ìbéèrè lórí ẹnì kan, òṣìṣẹ́ yóò pa á tì lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀. Bí ọjọ́ àdéhùn bá wá kọjá tí ẹni náà kò dé, orúkọ àti nọ́ḿbà rẹ̀ á bọ́ sínú àwọn tó yẹ kí wọ́n pè. Ní Nàìjíríà níbí, ìjọba àpapọ̀, àjọ WHO àti Resolve to Save Lives bẹ̀rẹ̀ ètò ìkápá ẹ̀jẹ̀ ríru ní 2020 ní ìpínlẹ̀ Kánò àti Ògùn, wọ́n sì gbé e ka àwọn ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé, nítorí ibẹ̀ ló sún mọ́ àwọn ènìyàn. Ará Ìjàgbó náà lè dé General Hospital ní Ọ̀fà, ó sì lè dé ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Òyì bí ọ̀rọ̀ bá le, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìrora kò ní san owó ọkọ̀ lọ sí Òkè-Òyì lóṣooṣù.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù nípa ohun tí fóònù lè ṣe wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ní kòkòrò HIV lára ní Kẹ́ńyà. Ìwádìí WelTel, tí Richard Lester àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde nínú The Lancet ní 2010, pín àgbàlagbà 538 tó ń bẹ̀rẹ̀ oògùn sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń rí àtẹ̀jíṣẹ́ kan gbà lọ́sẹ̀ láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “Mambo?”, bí àwa náà ṣe máa béèrè pé ṣé dáadáa ni. Wọ́n ní wákàtí 48 láti fèsì pé dáadáa ni, tàbí pé ìṣòro wà. Ẹni tó bá ní ìṣòro wà, àti ẹni tí kò bá fèsì, nọ́ọ̀sì á pè é. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, 62 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ ló ń lo oògùn bó ti yẹ, nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ 50. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì fi hàn pé kòkòrò náà ti rọlẹ̀ lára 57 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti àkọ́kọ́, 48 lára àwọn ti ìkejì. Oògùn kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹnì kan ń béèrè àwọn kan, ó sì ń ṣe nǹkan sí èsì wọn.

Ẹ wá gbé ti Cape Town sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwádìí tó jáde nínú Circulation ní 2016 kó àwọn 1,372 tó ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru jọ. Apá kan ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ ìránnilétí lásán. Apá kejì lè fèsì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn ọdún kan, òǹkà òkè nínú ìfúnpá àwọn tó ń gba ìránnilétí fi bí 2 dín sí ti àwọn tí wọn kò fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí, àǹfààní àwọn tí ẹ̀rọ ń dá lóhùn kò sì ju ìyẹn lọ. Nílé níbí, Mayowa Owolabi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí THRIVES jáde ní 2019 lórí àwọn 400 tó ti ní àrùn rọpárọsẹ̀ rí. Wọ́n fún apá kan ní àtẹ̀jíṣẹ́, fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti káàdì tó ń fi bí wọ́n ṣe ń ṣe hàn wọ́n, síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín ìfúnpá tiwọn àti ti àwọn yòókù. Ìwádìí mìíràn ní Kẹ́ńyà, tó jáde ní 2011, tún fi hàn pé ìránnilétí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń dún lójoojúmọ́ kò ràn wọ́n. Àìsàn wọn yàtọ̀, ìlú wọn yàtọ̀, ó sì yẹ ká ṣọ́ra kí a má fi ọ̀kan wọn ìkejì bí ẹni wọn aṣọ. Síbẹ̀, ibi kan náà ni mo rí i pé wọ́n ń tọ́ka sí. Ohùn tó kàn ń dún, etí á mọ́ ọn lára, kò sì ní gbọ́ ọ mọ́. Bí a bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe iṣẹ́ tí a kò fẹ́ fi ènìyàn ṣe, díẹ̀ ni èrè rẹ̀ yóò jẹ́.

Ìdí rẹ̀ yé ni tí a bá ro ohun tí ìpè kan ń tú jáde. Ìgbàgbé nìkan kọ́ ló ń mú kí ènìyàn dẹ́kun oògùn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú kò gbàgbé amlodipine, ó sá fún un ni, ojú sì lè máa tì í láti lọ sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun ti dá oògùn dúró. Bí nọ́ọ̀sì bá pè é, tó kọ́kọ́ kí i, tó béèrè ilé, tó wá ní, “Mà, oògùn yẹn ńkọ́, ṣé ó bá yín lára mu?”, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ á jáde, wọ́n á sì lè dín oògùn náà kù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn ń fi àgbo rọ́pò oògùn; ẹlòmíràn ti gba àdúrà, ó sì gbà pé ó ti tán. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní “Ẹ lo oògùn yín” kò ní ìdáhùn kankan fún àwọn yìí. Ẹ tún wo oṣù ààwẹ̀. Alátọ̀gbẹ tó ń lo glibenclamide, tó wá ń gba ààwẹ̀ láti sàárì di ìṣínu, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lọ́sàn-án débi tí yóò fi dákú. Agogo fóònù tí wọ́n ti dá sí aago kan kò mọ̀ pé Ramadan ti dé. Òṣìṣẹ́ tó ní orúkọ gbogbo àwọn alátọ̀gbẹ rẹ̀ lọ́wọ́ lè pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kó bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ìyípadà oògùn, kó sì sọ fún àwọn tí ewu wọn pọ̀ pé kí wọ́n rí dókítà kí wọ́n tó gba ààwẹ̀.

Ẹ̀rọ ìwọn-ìfúnpá tí àwọn ọmọ ń fi ránṣẹ́ láti òkèèrè náà ní àyè nínú ètò yìí, bí òǹkà rẹ̀ bá ń dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ apá dára ju èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ lọ, ó sì yẹ kí aṣọ rẹ̀ gba apá ẹni tó fẹ́ lò ó, nítorí èyí tó bá há apá tó tóbi yóò ka òǹkà tó ga ju òótọ́ lọ. Kí ẹni náà má jẹ obì, kó má mu tíì tàbí kọfí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Kó lọ tọ̀. Kó jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fẹ̀yìn ti àga, kó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ láìgbé ọ̀kan lé ìkejì, kó gbé apá lé tábìlì ní ọ̀gangan ọkàn, kó sì dákẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ sísọ nìkan tó láti gbé òǹkà sókè. Kó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan láàárín, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan. Kó yọ ti ọjọ́ kìíní kúrò, kó wá ìpíndọ́gba ti àwọn ọjọ́ tó kù. Nílé, 135 lórí 85 ni ààlà, ní ilé ìwòsàn, 140 lórí 90. Òǹkà kan ṣoṣo lọ́jọ́ tí inú ń bí ènìyàn kò sọ nǹkan kan. Bí àwọn òǹkà ọ̀sẹ̀ kan bá wà lórí ìwé tàbí nínú WhatsApp tí nọ́ọ̀sì ń kà, wọ́n níye lórí púpọ̀. Bí wọ́n bá dúró sórí àpótí pẹ̀lú bátìrì tó ti kú, owó ọmọ ti ṣòfò.

Ẹni tó bá ní kí ni ìpè yóò ṣe fún ẹni tí kò lówó oògùn, òótọ́ ló sọ. Oògùn ti wọ́n gidigidi láti 2023, ọdún tí agbára náírà já wálẹ̀, tí ilé iṣẹ́ oògùn GSK sì kéde ní oṣù kẹjọ pé àwọn ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà. Kwárà fúnra rẹ̀ ní ẹ̀rí lórí èyí. Ní 2007, ìjọba ìpínlẹ̀, ilé iṣẹ́ Hygeia àti àjọ PharmAccess gbé ètò adójútòfò ìlera kan kalẹ̀ fún àwọn ará ìgbèríko, pẹ̀lú owó láti ilẹ̀ Netherlands. Owó táṣẹ́rẹ́ ni ẹni tó wọ inú rẹ̀ ń san lọ́dún nígbà náà, wọ́n sì tún àwọn ilé ìwòsàn ibẹ̀ ṣe. Ìwádìí tó jáde nínú JAMA Internal Medicine ní 2014 fi hàn pé òǹkà òkè nínú ìfúnpá àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru níbi tí ètò náà dé fi bí 10 wálẹ̀, ìwálẹ̀ yìí sì fi bí 5 ju ti ibi tí kò dé lọ. Kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́ ló ṣe èyí. Oògùn tó wà lórí pẹpẹ àti owó tí kò pa ènìyàn lára ni. Nítorí náà, n kò bá ẹni tó sọ pé oògùn ló kọ́kọ́ jiyàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé oògùn tó wà lórí pẹpẹ kò lè rìn lọ bá ẹni tó ti dẹ́kun wíwá, àti pé bí ìpè mẹ́wàá bá pàdé ènìyàn mẹ́fà tó sọ pé owó ni kò sí, ìjọba ní ẹ̀rí lọ́wọ́ nípa ibi tó yẹ kí owó adójútòfò lọ.

Àwọn mìíràn yóò ní àwọn nọ́ọ̀sì kò tó, pé a tún ń di ẹrù lé wọn lórí. Ọ̀pọ̀ wọn ti re òkè òkun lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ẹni tí kò wá ń dín iṣẹ́ kù ni, nítorí ó ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ fi àkókò rẹ̀ sórí àwọn díẹ̀ tó nílò rẹ̀. Kò sì dìgbà tí nọ́ọ̀sì bá pè: láti 2014 ni Nàìjíríà ti ní ìlànà tó fàyè gba pínpín iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko, àwọn tó sì ń gbé àárín ìlú mọ agboolé. Ti àwọn àgbàlagbà tí kò lè kàwé kò le: ẹ pè wọ́n, ẹ bá wọn sọ Yorùbá. Ẹni tí kò ní fóònù, kí wọ́n kọ nọ́ḿbà ọmọ tàbí aládùúgbò tó bá fọwọ́ sí, bí kò bá sì sí, kí òṣìṣẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ. Àwọn baba wa mọ wọléwọlé tó ń yà sí agboolé. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n nítorí owó ìtanràn. Èyí tó bá wá béèrè àlàáfíà kò yẹ kó lé ẹnikẹ́ni sá.

Àṣírí ni àtakò tó wúwo jù lójú mi. Nínú agboolé, fóònù kan lè gba ọwọ́ ènìyàn mẹ́rin kọjá. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá dárúkọ àtọ̀gbẹ tàbí HIV lè tú ìgbéyàwó ká, ó sì lè ba iṣẹ́ jẹ́. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó nílò ìṣọ́ra tó ga, ṣùgbọ́n òfin kò ní jókòó ti fóònù ní pálọ̀. Kí a má dárúkọ àìsàn nínú iṣẹ́ tí a ń rán rárá, bí àwọn ti Kẹ́ńyà ṣe fi ìkíni lásán ṣe tiwọn. Kí a tún béèrè lọ́wọ́ aláìsàn lọ́jọ́ kìíní, kí a kọ ọ́ sílẹ̀: nọ́ḿbà wo, àkókò wo, ta ló lè gbé e bí ẹ kò bá sí nílé? Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ ìpè, kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ó ku ẹni tí yóò sanwó. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́, tí Ìjàgbó wà nínú rẹ̀, lawọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ṣeé yà ní fọ́tò ni wọ́n máa ń fẹ́ràn láti rà: bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ ńlá, ilé tuntun. Fóònù kan, owó ìpè oṣooṣù, ẹ̀rọ ìwọn-ìfúnpá tó péye tí wọ́n ń yá ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ kan, àti owó kékeré tí yóò jẹ́ kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru má tán lórí pẹpẹ kò ní gba owó tó ìdajì ìyẹn. Kí fóònù àti nọ́ḿbà rẹ̀ jẹ́ ti ilé ìtọ́jú, kó má jẹ́ ti òṣìṣẹ́, nítorí wọ́n lè gbé òṣìṣẹ́ kúrò ní Ìjàgbó nígbàkigbà, bí nọ́ḿbà bá sì bá a lọ, ọgọ́rùn-ún ènìyàn ti sọnù lọ́jọ́ kan. Bí ẹgbẹ́ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá owó wọn ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n má béèrè iye àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́. Kí wọ́n béèrè, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, iye àwọn tí wọ́n pè nínú àwọn tí kò wá, iye tó padà wá, àti iye tí ìfúnpá wọn ti bọ́ sí abẹ́ 140 lórí 90.